Ìgò Èbù Tó Kẹ́yìn

Ṣíbí náà kò dúró.

Ẹ̀gbọ́n ki í bọ àárín àgbá kẹta, ó yọwọ́, ṣíbí sì rọra tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí tó ń wá ògiri tí yóò fara tì. Lẹ́yìn náà ó rì. Ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ funfun, ó ń ṣàn, kò kan, kò sì dì. Mílíìkì lásán ni: mílíìkì tó ti wà lábẹ́ ìdérí láti ọ̀sán àná, tó yẹ kó ti di wàrà tó lè gbé ṣíbí dúró gbọnin bí òpó ilé.

"Ó tún rì," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo lójú, Baba."

"Mi ò ní ẹ ò lójú, Ọ̀gá. Mo ní ó tún rì ni."

Baba Alámọ̀tán ló sọ̀rọ̀. Òun ló ń fọ àgbá nílé iṣẹ́ wàrà náà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, nítorí pé kò sí ohun tí ènìyàn lè bi í tí yóò ní òun kò mọ̀. Láti ọjọ́ Ajé tí wàrà ti kọ̀ tí kò dì, ó ti di ẹ̀bi náà ru òjò, ó ti dì í ru màlúù, ó ti dì í ru iná mànàmáná, ó sì ti dì í ru ọkùnrin tó ń gbé mílíìkì wá, ẹni tí ó ní ojú rẹ̀ kò mọ́. Ọjọ́bọ̀ rèé.

"Ta la ó dá lẹ́bi lónìí?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Mo ṣì ń rò ó."

Bí àgbẹ̀ ti í ṣẹ́ èbù iṣu kù kí ó tó jẹ ìyókù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti í bu ife kan pamọ́ nílé iṣẹ́ yìí lára wàrà tó bá dì jù lójoojúmọ́. Ife náà ni wọ́n ń dà sínú mílíìkì ọjọ́ kejì, òun ló sì ń sọ mílíìkì di wàrà. Èbù ni wọ́n ń pè é. Ìyá tó bí Ẹ̀gbọ́n ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ìkòkò kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé, ní ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn, kí ó tó lọ́kọ, kí ó tó bí Ẹ̀gbọ́n, kí ó tó bí Àbúrò. Ife òní ló ń bí ti ọ̀la láti ọjọ́ náà, okùn rẹ̀ kò sì já rí. Bí àlejò bá bi Ìyá léèrè iye ọmọ tó bí, a ní mẹ́ta ni. Èbù ni àkọ́bí, àwọn obìnrin méjì ló tẹ̀lé e.

Nítorí ọjọ́ burúkú, Ìyá ti bu èbù sínú ìgò márùn-ún, ó sì fi ìda àbẹ́là dí ẹnu wọn. Mẹ́rin wà nínú fíríìjì ilé iṣẹ́. Ìkarùn-ún wà nínú fíríìjì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, tí dókítà sì ti sọ pé kí wọ́n máa fi ọ̀sẹ̀ ka ìyókù ọjọ́ rẹ̀, kí wọ́n má fi oṣù kà á. Láti ọjọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n ti ṣí mẹ́ta nínú ìgò mẹ́rin náà, ọ̀kan lóòjọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dà nù sínú mílíìkì bí ẹni ta omi sínú òkun.

"Ẹ gbé ìkẹrin wá," ni ó wí.

Baba Alámọ̀tán gbé e wá, ó sì gbé garawa omi wàrà tẹ̀lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Omi wàrà ni omi rẹ́súrẹ́sú tó máa ń yọ sójú wàrà bí ó bá ti dì. Nílé iṣẹ́ mìíràn, wọn a dà á nù. Níhìn-ín, garawa rẹ̀ kì í gbẹ. Ti òní ni wọ́n ń dà lé ti àná. Ìyá ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi kànga ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èbù rẹ̀ nígbà kan tó wà lọ́mọge, láti ìgbà náà ló sì ti pàṣẹ pé omi kò gbọdọ̀ kan ohunkóhun tí yóò kan èbù. Bí wọ́n bá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ àgbá tán, omi wàrà ni wọ́n fi ń ṣàn án. Omi wàrà ni wọ́n fi ń nu ṣíbí, ife, àti ẹnu ìgò. "Kí ará ilé lè mọ ara wọn," ni Ìyá máa ń wí.

Ẹ̀gbọ́n ki aṣọ bọ garawa, ó fún un, ó nu ọrùn ìgò yíká, ó nu ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì há ìda kúrò. Ó da èbù sínú àgbá kìíní, níbi tí mílíìkì tuntun ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí Àbúrò já wọlé pẹ̀lú báàgì léjìká.

"Ẹ má tíì ṣí i o! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì ṣí—"

Ó rí ìgò òfìfo.

"Ẹ ti dà á?"

"Mo ti dà á. Ẹ káàárọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí nílé tiwa."

"Ẹ káàárọ̀. Mélòó ló kù?"

"Kí ló dé tí ò ń mí bí ẹni tí wọ́n lé?"

"Ìgò mélòó ló kù, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ọ̀kan. Ti inú yàrá Ìyá."

Àbúrò jókòó lórí àpótí kan. Nínú àwọn ọmọ Ìyá, òun ni kò di ìgbákọ mú. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti ti àgbá lẹ́yìn, ìwé ni Àbúrò ń kà lọ. Yàrá àyẹ̀wò ló sì ń ṣiṣẹ́ nísinsìnyí, níbi tí wọ́n ti ń fi awò wo àwọn ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bu mílíìkì tó kọ̀ náà lọ sínú ìgò kékeré. Ẹ̀gbọ́n kò sì fi bẹ́ẹ̀ retí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ó dáa, ọ̀mọ̀wé. Kí lo rí?"

"Mílíìkì ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ yín mọ́. Ohun kan ló ń pa èbù."

"Ìdọ̀tí," ni Baba Alámọ̀tán wí. "Mo ti sọ ọ́."

"Ẹ ò tíì sọ ọ́, Baba. Òjò lẹ sọ. Kì í sì í ṣe ìdọ̀tí." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé ohun alààyè ni èbù wa?"

"Kí o tó mọ̀ ọ́n kọ ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Bakitéríà ni. Wọn kò níye nínú ṣíbí kan. Ẹyọ kan nínú wọn, ilé odindi ni: ó ní ògiri, awọ wà lábẹ́ ògiri, omi ara wà nínú awọ, àkọsílẹ̀ bí yóò ṣe máa gbé ayé sì wà nínú omi ara náà. Ó ń fa ṣúgà inú mílíìkì wọlé, ó ń tu kíkan jáde. Òun ló ń mú wàrà dì. Bí ó bá jẹun tó, a gùn, a da àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ di méjì, a mọ ògiri sáàárín, a sì ya. Ọ̀kan ti di méjì nìyẹn. Kò wá ọkọ, kò wá aya."

"Orí ló bá a ṣe é," ni Baba Alámọ̀tán wí. "Kò sí àna, kò sí ìjà."

"Ohun tó ń pa á ńkọ́?" ni Ẹ̀gbọ́n bèèrè.

"Fáírọ́ọ̀sì."

"Èyí tó ń ṣe ènìyàn?"

"Tàwọn bakitéríà ni tiwọn, kò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni gbogbo wọn ń hù. Bí ọ̀kan nínú èbù wa bá tóbi tó àgbá yìí, fáírọ́ọ̀sì náà kò ju ìdérí ìgò lọ. Kò ní omi ara. Kì í jẹun, kì í mí, kì í dàgbà. Àkọsílẹ̀ lásán ni, tí a wé sínú èèpo, tí a sì fún ní ìrù bí abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá gbé e sínú mílíìkì tí kò ní èbù, ibẹ̀ ni yóò wà títí ọdún yóò fi yí po. Kò ní bímọ, kò sì ní kú."

"Ṣé òkú ni àbí alààyè?"

"Àwọn tó mọ̀ jù mí lọ ṣì ń jiyàn lé e."

"Ohun tí kì í jẹun ló wá ń jẹ wá tán láti ọjọ́ Ajé?"

"Kò jẹ wá, Ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ló ń bẹ̀ wá." Àbúrò ki ìka bọ mílíìkì tó ta sórí tábìlì, ó ya òbìrípo kan, ó sì fi èékánná tẹ àmì kan sí etí rẹ̀. "Ẹ wò ó. Ó bà lé ògiri, ó lu ihò, ó sì gún àkọsílẹ̀ rẹ̀ wọlé. Èèpo rẹ̀ ṣẹ́ kù síta bí aṣọ tí wọ́n bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Àkọsílẹ̀ tó wọlé ló ń pàṣẹ láti ìgbà náà. Èbù á gbàgbé mílíìkì, á gbàgbé ara rẹ̀, á máa kó ohun inú ilé rẹ̀ jọ, á máa fi mọ ọmọ ọ̀tá."

"Kò sì ní tíì kú?"

"Kò ní kú. Á máa ṣiṣẹ́. Bí ilé bá kún, ó di ọgọ́rùn-ún nínú ẹyọ kan, wọn a wó ògiri, wọn a sì jáde. Ìgbà yẹn ló ń kú."

Láti inú yàrá kejì, wọ́n ń gbọ́ tí àwọn obìnrin tó ń dí ike ń rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí iṣẹ́ fún wọn.

"Ẹ ṣírò rẹ̀," ni Àbúrò wí jẹ́jẹ́. "Ní wákàtí kan, ọ̀kan tiwa di mẹ́rin. Ní wákàtí kan náà, ọ̀kan tiwọn di ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá di wákàtí méjì, a jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Wọ́n jẹ́ ẹgbàárùn-ún."

"Oògùn tí wọ́n máa ń lò fún egbò ńkọ́? Kí a bù ú sí i díẹ̀."

"Oògùn yẹn ni yóò bá wọn parí iṣẹ́. Ògiri bakitéríà ló ń wó. Àwọn ará ilé wa ni yóò pa. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ògiri tí a lè wó. Ohun tí kò ní ẹ̀mí, oògùn wo ni yóò gba ẹ̀mí lọ́wọ́ rẹ̀? Gbígbóná tí ẹ ń gbé mílíìkì sí kò tó o. Bílíìṣì nìkan ló kù, ẹ kò sì lè da bílíìṣì sínú wàrà."

"Níbo ló wà? Sọ ibi tó wà, kí n fọ̀ ọ́."

Ojú Àbúrò ti kúrò lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti lọ sára garawa tí Baba Alámọ̀tán gbé dání.

"Mo bu omi yẹn náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ni ó wí. "Ìkán kan ṣoṣo ni mo wò. Mi ò lè kà á tán."

Baba Alámọ̀tán wo garawa. Ó gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ tó sùn.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́," ni ó wí, "ìdí ẹ̀fọ́ náà ló ń gbé." Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé, kò fi kún un.

"Èmi ni mo nu ẹnu gbogbo ìgò," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ kò mọ̀."

"Má ṣe 'ẹ kò mọ̀' fún mi. Nígbà tí Ìyá ń kọ́ mi ní nínù yẹn, níbo lo wà?"

"Mo wà nílé ìwé."

"O wà nílé ìwé. Ó dáa. Kí la ó ṣe?"

"Kí ẹ pa ilé iṣẹ́ dé. Kí ẹ fi bílíìṣì fọ ohun gbogbo, àjà àti ilẹ̀. Ìgò tó wà lọ́dọ̀ Ìyá, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i níhìn-ín. Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti máa ṣí i. Bí ìda rẹ̀ bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó yè. Tàbí… Àwọn kan ń ta èbù gbígbẹ nínú ọ̀rá. Ẹ lè rà á lónìí."

"Kí n wá sọ fún Ìyá pé kí ni? Pé àkọ́bí rẹ̀ kú, mo lọ ra òmíràn lọ́jà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"O sọ ọ́."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n gé èékánná rẹ̀ títí ó fi kan ẹran. Ó fi bílíìṣì tí a fi omi là wẹ apá rẹ̀ méjèèjì, ó fọ irun, ó wọ aṣọ tí kò wọ dé ilé iṣẹ́ rí, ó ra sálúbàtà tuntun lójú ọ̀nà, ó sì ju ti àtijọ́ sẹ́nu ààtàn. Báyìí ló ṣe wọ yàrá Ìyá. Ó ti pinnu ohun tí yóò wí: àyè ni òun fẹ́ gba nínú fíríìjì fún oògùn.

Ìyá fara ti ìrọ̀rí mẹ́ta, ó kọjú sí fèrèsé. Ó ti rù débi pé òrùka rẹ̀ wà lára okùn tó so mọ́ ọrùn.

"Ta ló ń rùn bí ilé ìwòsàn yìí?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ káàárọ̀."

"Wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ mi nílé nìyẹn. Jókòó. Ojú rẹ ti wọnú."

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo? Wàrà ò dì láti ọjọ́ Ajé."

Ẹ̀gbọ́n jókòó.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ló mọ ohun gbogbo níbẹ̀?" Ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n jẹ́ kó tán. "Má bá a jà. Ó ń wá kí mi ní gbogbo ọ̀sán. Ìwọ tí mo bí, èèkàn lọ́sẹ̀. Èmi ni mo fún un lọ́rùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun títí ó fi jẹ́wọ́. Mo ní bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí ó bá mi bu omi wàrà díẹ̀ wá."

Ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n rí ìgò kékeré kan lójú fèrèsé, tí oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Omi inú rẹ̀ rí rẹ́súrẹ́sú. Aṣọ pélébé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ká a dáadáa, ó ṣì tutù.

"Kí lẹ fi ṣe, Ìyá?"

"Kí la ń fi omi wàrà ṣe? Wá, gbé àkọ́bí mi jáde kí o wò ó."

Ó ṣí fíríìjì kékeré náà. Ìgò ìkarùn-ún wà níbẹ̀. Ìda kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti há a kúrò mọ́nímọ́ní, wọ́n sì fi aṣọ funfun dí i.

"Ó ti sùn pẹ́ jù," ni Ìyá ń wí. "Ohun tó bá ti sùn pẹ́, a kì í jí i lójijì kí a sì gbé e lọ sógun. Mo ṣí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo bu mílíìkì ṣíbí mẹ́ta fún un. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mo ń fi omi wàrà nu ẹnu rẹ̀, kí ó lè máa gbọ́ òórùn ilé. Ẹsẹ̀ ló kọ̀ fún mi. Ọwọ́ mi kò kọ̀. Ṣé ó ti le?"

Ẹ̀gbọ́n gbé ìgò náà sókè sí oòrùn. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ohun inú rẹ̀ sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì bí omi.

"Ṣé ó ti le?" ni Ìyá tún bèèrè.

"Ó ń le bọ̀, Ìyá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí i." Ó di ojú. "Bí mo bá lọ, ẹ má fi fọ́tò mi kọ́ ara ògiri. N kò rẹwà nínú fọ́tò rí. Ìgò yẹn ni kí ẹ máa wò."

*

Ọjọ́ mẹ́rin ni Àbúrò fi jà lé ìgò náà. Ó là á nínú mílíìkì tó mọ́, ó tún là á, ó pín in sínú ìgò kéékèèké ọgbọ̀n, ó ní bóyá ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀kẹ́ àìmọye lè ní ògiri tí abẹ́rẹ́ ọ̀tá kò lè lu. Ó ní a máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, a sì lè ti ara ẹyọ kan tún gbogbo ìdílé dá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó pe Ẹ̀gbọ́n wá sí yàrá àyẹ̀wò. Ìgò ọgbọ̀n wà lórí tábìlì. Ó tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ń ṣàn.

"Ìda ò sí lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ẹ gbé e fún mi," ni Àbúrò wí. "Mi ò bèèrè lọ́jọ́ náà nítorí mo ń retí. Mo ń bèèrè báyìí. Ta ló ṣí i?"

Ẹ̀gbọ́n ń wo ìgò ọgbọ̀n náà.

"Èmi ni."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní èmi ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó yè. Mo ṣí i, mo nu ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ ti mọ́ ọn lára."

"Lẹ́yìn tí mo sọ fún yín? Lẹ́yìn tí mo ya á fún yín lórí tábìlì bí ẹni kọ́ ọmọdé?"

"Lẹ́yìn ẹ̀."

Àbúrò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó jù ú sórí tábìlì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ẹ rántí ohun tí ẹ máa ń sọ nípa mi? Pé mo fi ilé sílẹ̀ lọ ka ìwé, pé ẹ̀yin lẹ dúró ti Ìyá. Ẹ dúró tì í lóòótọ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi tọ́ ohun yẹn. Ẹ̀yin fi aṣọ kan pa á."

"O ti sọ ọ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ó tó."

Ó lè sọ òtítọ́ nígbà náà. Ó wà létí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí aṣọ pélébé náà lọ́kàn rẹ̀, lójú fèrèsé Ìyá, bí wọ́n ti ká a dáadáa, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Lójú ọ̀nà, ó yà sí ilé ìtajà kan, ó sì ra èbù gbígbẹ: ọ̀rá kékeré tó ń dán, tí kò wúwo ju ìwé lọ. Nílé iṣẹ́, Baba Alámọ̀tán ti da garawa nù sínú kòtò tó gbẹ́, ó ti da bílíìṣì lé e, ó sì jókòó ti etí kòtò náà.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "èmi ni mo gbé omi yẹn lọ fún wọn."

"Mo mọ̀."

"Mi ò mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì kọjá wọlé láti lọ gbé mílíìkì kaná.

*

Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé abọ́ kan lọ sí yàrá Ìyá. Ó gbé e kalẹ̀ lórí àga, ó ki ṣíbí bọ àárín rẹ̀, ó sì yọwọ́. Ṣíbí dúró gbọnin.

Ìyá wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ó dúró," ni ó wí.

"Ó dúró, Ìyá."

"Àbúrò rẹ wá síbí lánàá."

Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n dúró lára abọ́.

"Mo ní kí ó sọ ohun tó ń ṣe wàrà fún mi. Ó kọ̀, mo yí i lọ́rùn. Ó ya òbìrípo kan fún mi lórí ìrọ̀rí. Ó ṣàlàyé èyí tó ń ya sí méjì, ó ṣàlàyé èyí tó ń sọ onílé di ẹrú. Ọmọ yẹn mọ nǹkan. Mo bi í pé kí ló ń gbé e kiri. Ó dá mi lóhùn." Ó sinmi kí ó lè mí. "Ó ń sunkún. Ó ní ìwọ lo ṣí ìgò tó kẹ́yìn."

Ẹ̀gbọ́n kò gbé ojú sókè.

"Ṣé ìwọ lo ṣí i?"

"Èmi ni, Ìyá."

Oòrùn wà lójú fèrèsé. Ìgò kékeré náà kò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ pélébé kò sí. Àmì yíká kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lára igi, níbi tí ìdí ìgò ti jókòó.

Ìyá na ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n bu wàrà sínú ṣíbí, ó sì bọ́ ọ. Ó fi í sẹ́nu, kò gbé e mì kíákíá. Ẹnu yìí ti tọ́ wàrà wò ní gbogbo òwúrọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógójì; a lè fi òkùnkùn tàn án, a kò lè fi wàrà tàn án.

"Wàrà ta nìyí?"

"Tiwa ni, Ìyá."

Ìyá gbé e mì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè.

"Ó dì dáadáa," ni ó wí. Ó gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i wò síwá sẹ́yìn bí ẹni pé kò rí ṣíbí rí, ó sì dá a padà fún un. "Lọ fọ ṣíbí yìí."

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ohùn náà tún dé bá a láti orí ìrọ̀rí.

"Omi ni kí o fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná."

Ó lọ sí ilé ìdáná, ó gbé omi kaná, ó sì dúró tì í títí ó fi hó.